Wà Á bí Ìgbà Kẹ̀kẹ́

Kí Ottorino Gavazzeni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ eré ìje, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń jẹun. Kò sí òkè kan láti Parma títí dé etí òkun tí kò tíì fi kẹ̀kẹ́ gùn, tí kò sì gba ife ẹ̀yẹ lórí rẹ̀. Nígbà tí orúnkún ní ó tó gẹ́ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta kẹ̀kẹ́. Ó ta á títí ó fi dolówó, ló bá kó gbogbo rẹ̀ lé orí ọkọ̀ pupa kan ṣoṣo tó ń jẹ́ orúkọ òun fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà máa kọ́kọ́ sáré, Bassetti, oníṣòwò ọkọ̀ láti Milano, dúró ti Ottorino níbi tí eré máa parí sí.

"Bó bá gbapò kìíní, màá máa bá ọ tà á," Bassetti ní. "Bí kò bá gbà á, padà sídìí kẹ̀kẹ́ rẹ."

Nevio ló ń wa ọkọ̀ náà. Láyé ìgbà kẹ̀kẹ́, òun ló máa ń ṣíwájú Ottorino láti fi ara gba atẹ́gùn fún un, òun náà ló ń bá a gbé omi. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, Ottorino gbá a léjìká.

"Fọkàn balẹ̀. Ṣáà wà á bí ìgbà tá a ń gun kẹ̀kẹ́."

Ọkọ̀ funfun kan ló kọ́kọ́ yọ. Ọkọ̀ pupa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a nídìí, àmọ́ ipò kejì náà ni.

Nevio bọ́ sílẹ̀, eruku bo ojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ìyá mi ní kí n kí yín."

"Ìyá rẹ wo?"

"Èwo ni mo tún ní? Ṣebí a gba Castelvero, ìlú wa, kọjá. Mo dúró, mo dì mọ́ ọn, mo mu wáìnì rẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní kí n wà á bí ìgbà kẹ̀kẹ́."

Ìgbà náà ló yé Ottorino. Láàárín àwọn oníkẹ̀kẹ́, bí eré bá gba ìlú ẹnì kan, wọ́n á dẹsẹ̀ fún un kó ṣíwájú lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sáré fi í sílẹ̀.

"Nevio, ọlọ́kọ̀ kì í dúró deni."

"Mo rí i. Wọ́n kọjá lára mi bí ẹni tí kò níyàá."

Bassetti ti dé. "Kí ló fà á? Ọkọ̀ ni, àbí awakọ̀?"

Bí Ottorino bá ní awakọ̀ ni, ọkọ̀ bọ́ nínú ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ dé Torino, kò sẹ́ni tí yóò tún gbé ọkọ̀ lé Nevio lọ́wọ́ mọ́.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo ní kó dúró kí ìyá rẹ̀."

Bassetti wò ó bí ẹni ń wo wèrè. "Gavazzeni, orí rẹ ti dàrú. Mi ò lè bá ọ dòwò pọ̀." Ó ń lọ, ó bojú wẹ̀yìn wo ọkọ̀ pupa náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nevio yí padà sí ọkọ̀. Ó na ọwọ́ sábẹ́ ìjókòó, ó fa ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ kan yọ nínú aṣọ. "Ìyá mi ní kí n fún yín. Ó ní ẹ ti rù jù látìgbà tẹ́ ẹ ti ń ṣe ọkọ̀."

Ottorino jókòó sórí táyà, ó yọ ọ̀bẹ lápò.

"Jókòó," ó ní. "Lọ́la, a ó padà sídìí kẹ̀kẹ́. Lónìí, ká jẹun."