Iná Tó Kù Nínú Kẹ̀kẹ́ Ọ̀gá Fèrè

100

…nítorí náà ẹ sún mọ́ ìhín díẹ̀, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó ń jẹun kó máa jẹ ẹ́ lọ. Oúnjẹ kì í di etí. Ìtàn télọ̀ kan ni mo gbé wá, ọkùnrin tí ipò rẹ̀ rọ̀ mọ́ bátìrì tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ.

Iye tí ẹ óò máa rí lókè ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, iye iná tó kù nínú bátìrì náà nìyẹn, nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ máa wò ó.

Òun ò wò ó.

99

Ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ kan wà, ọgbọ̀n èèyàn, tí wọ́n máa ń gùn jáde láàárọ̀ Àbámẹ́ta. Télọ̀ yìí ni olórí wọn. Fèrè kékeré kan ti wà lọ́rùn rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá: bó bá fọn ún, wọ́n á yà, bó bá tún fọn ún, wọ́n á dúró. Wọ́n ti gbàgbé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀gá Fèrè ni wọ́n ń pè é.

Ó ń fi í sùn. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ní òun gbọ́ tó fọn ún lójú oorun lọ́jọ́ kan, òun sì ti yí sápá òsì kí òun tó rántí pé òun kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́.

98

LÁTI INÚ ÌWÉ ÒFIN ẸGBẸ́

Abala Kẹrin. Olórí ni yóò ṣíwájú lọ́jọ́ ìgun-òkè ọdọọdún. Bí ẹsẹ̀ olórí bá kan ilẹ̀ kí ó tó dé orí òkè, fèrè ti bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé orí òkè ló ni ín.

(Ta ló kọ òfin yìí? Ọ̀gá Fèrè fúnra rẹ̀, lọ́dún tó ń wá ọ̀nà àtigba fèrè lọ́wọ́ bàbá kan tí orúnkún ń dùn. Ẹni tó da eérú, ẹ mọ ìyókù.)

95

Ó ra kẹ̀kẹ́ tuntun.

Kẹ̀kẹ́ yìí kò ní wáyà tó ń fa jíà. Bọ́tìnnì ni wọ́n ń tẹ̀. Tí o bá ti fọwọ́ kàn án báyìí, bátìrì á gbé ṣéènì láti orí eyín kan lọ sórí òmíràn.

*Sììn.*

Bí abẹ́rẹ́ tó wọ sílíìkì. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbọ́ ọ, télọ̀ di ojú.

91

Ní ṣọ́ọ̀bù àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, tí wọ́n ń pè ní Sípánà.

SÍPÁNÀ: Bọ̀dá, ẹ gbọ́ o. Ẹ máa fi sí iná lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Wákàtí kan àtààbọ̀ péré.

Ọ̀GÁ FÈRÈ: Mo ti gbọ́.

SÍPÁNÀ: Iná kékeré kan ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì yẹn. Bó bá rí bí ewé, àlàáfíà ni. Bó bá pọ́n, ẹ sáré wálé. Jíà iwájú ló máa kọ́kọ́ kú, tẹ̀yìn á tẹ̀lé e. Ibi tí wọ́n bá kú sí, ibẹ̀ lẹ óò máa gùn ún títí ẹ ó fi délé.

Ọ̀GÁ FÈRÈ: Ìwọ ọmọ yìí, ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́.

SÍPÁNÀ: Kẹ̀kẹ́ ò mọ ìyẹn, Bọ̀dá. Òkèèrè la ti ń wo igi gogoro.

Ọ̀GÁ FÈRÈ: Iná, iná, iná. Ṣé fìríìjì ni mo rà ni?

84

Kò gbé e sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí kẹ̀kẹ́ ń gbé. Ó gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀, lókè tẹlifíṣọ̀n.

ÀWỌN TÓ TẸ BỌ́TÌNNÌ LỌ́SẸ̀ KÌÍNÍ
(ìyàwó rẹ̀ ló kọ ọ́, lẹ́yìn ìwé oògùn)

Onílé: ẹ̀ẹ̀mẹfà.

Ẹni tó wá ka mítà iná: ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá.

Oníbàárà tó wá gba ṣòkòtò: ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Kò tíì rí ṣòkòtò gbà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin: ẹ̀ẹ̀kan. Ó ní, “Ṣé ìyẹn náà nìyẹn?”

Ọkọ mi: mi ò kà á mọ́.

66

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló tíì gbé e jáde gùn.

Mo máa sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Orúnkún òsì rẹ̀ ti ń dùn ún láti èṣí. Lórí òkè, lọ́dún tó kọjá, ó gbọ́ táyà kan lẹ́yìn etí rẹ̀, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń bọ̀ wá sin gbèsè. Ìyá Agbẹ̀bí ni: agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, lórí kẹ̀kẹ́ irin tó ti dàgbà ju ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ. Díẹ̀ ló kù kó kọjá rẹ̀.

Bí wọ́n bá gba fèrè lọ́rùn rẹ̀, kí ló kù? Ọkùnrin kan tí àwọn èèyàn ń wá bá pé apá ẹ̀wù yìí kò dọ́gba.

Ohun tó tìtorí ẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ nìyẹn. Ó rò pé bọ́tìnnì á di orúnkún fún òun.

52

ÌKÀNNÌ ẸGBẸ́, LÓRÍ FÓÒNÙ

*Akọ̀wé:* Ìgun-òkè di Àbámẹ́ta yìí, aago méje ààbọ̀ àárọ̀, nísàlẹ̀ òkè.

*Ìyá Agbẹ̀bí:* Mo ń bọ̀. Mo ti fi epo pa ṣéènì mi lára.

*Ọ̀gá Fèrè:* Ẹ kú ayé àtijọ́ o, Ìyá. Tèmi, ìka kan ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀.

*Ìyá Agbẹ̀bí:* Ọmọ tí mo gbà tó ẹgbẹ̀rún méjì, Ọ̀gá. Kò sí èyí tí bọ́tìnnì mú jáde nínú wọn. Títì ni ìyá wọn tì.

(Èèyàn mẹ́tàdínlógún rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Fèrè kà wọ́n.)

33

Iná náà pọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tí iná wà ló kọjú sí ògiri.

Ògiri rí i.

36

Ẹ ò rí i? Ó gòkè! Ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, ó jàjà rántí, ó sì fi kẹ̀kẹ́ sí iná. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fún un ní àtẹ́wọ́ kékeré kan níbí, torí ibòmíràn ò sí mọ́.

Akọ̀wé wọlé dé. Ó mú ìwé àwọn tó máa gun òkè wá.

AKỌ̀WÉ: Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n gbọ́ *sììn* yẹn.

Ọ̀GÁ FÈRÈ: Tẹ̀ ẹ́.

AKỌ̀WÉ: Mo ti tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀GÁ FÈRÈ: Tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

AKỌ̀WÉ: Kò sọ nǹkan kan, Ọ̀gá.

Bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ. Irú kẹ̀kẹ́ yẹn, bó bá ń gba iná lọ́wọ́, kì í jíṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń jẹun ò kọrin. Sípánà ti sọ èyí náà fún un ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ojú ti Ọ̀gá Fèrè. Ojú rẹ̀ pọ́n ju iná lọ. Ó fa ṣájà yọ tagbáratagbára.

*Sììn. Sììn. Sììn.*

AKỌ̀WÉ: Háà. Èyí ga o.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí omi tí ìyàwó gbé kaná fún àlejò fi hó gbẹ.

Kò sẹ́ni tó rántí dá ṣájà padà.

27

Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, ìyàwó rẹ̀ ló wakọ̀ gbé e lọ. Kẹ̀kẹ́ wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó dùbúlẹ̀. Báàgì omi àti bàtà wà lórí rẹ̀, ó sì tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ láti ilé dé ìsàlẹ̀ òkè.

*Sììn sììn sììn sììn*

“Kí ló ń ké lẹ́yìn yẹn?”

“Inú rẹ̀ ló ń dùn,” ni ọkọ rẹ̀ wí.

Ìyàwó wo ojú rẹ̀, ó wo orúnkún rẹ̀, ó sì padà sẹ́nu ọkọ̀ wíwà. Àwọn nọ́ọ̀sì mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ fún aláìsàn tí kò tíì fẹ́ gbọ́.

9

Ó fọn fèrè. Èèyàn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tẹ̀lé e.

Fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó dára. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ó dára gan-an. Afẹ́fẹ́ tutù, ìka fẹ́ bọ́tìnnì, orúnkún gbàgbé ara rẹ̀, ó sì rò lọ́kàn rẹ̀ pé bí ọjọ́ orí bá rí báyìí, òun lè gbó títí.

3

Jíà iwájú kú. Orí eyín ńlá ló kú sí, èyí tí wọ́n fi ń sáré ní ilẹ̀ títẹ́jú, tó wúwo bí òkúta lórí òkè.

1

Tẹ̀yìn kú.

0

Ó tẹ̀ ẹ́.

0

Ó tún tẹ̀ ẹ́.

0

Ìyá Agbẹ̀bí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò yájú, kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ní, “Ẹ mí, Ọ̀gá. Ẹ mí sínú, kẹ́ ẹ mí síta.”

0

ÀKỌSÍLẸ̀ AKỌ̀WÉ, ÌDAJÌ ÒKÈ, AAGO MẸ́JỌ KU ÌṢẸ́JÚ MẸ́WÀÁ

Kẹ̀kẹ́ olórí dúró. Olórí fi ọwọ́ òsì di ògiri ilé alágbàfọ̀ kan mú. Ẹsẹ̀ méjèèjì ṣì wà lórí pẹ́dà. Òfin dárúkọ ẹsẹ̀, ó dárúkọ ilẹ̀. Kò dárúkọ ọwọ́. Kò dárúkọ ògiri. Ìyá Agbẹ̀bí ti dé orí òkè. Ó ń bó ọsàn.

0

ALÁGBÀFỌ̀ (lójú fèrèsé, áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́): Ẹ kú àárọ̀ o. Kí ni ògiri mi ṣe yín?

Ọ̀GÁ FÈRÈ: A kàn ń sinmi ni, mà.

ALÁGBÀFỌ̀: Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ sinmi bí èèyàn.

ÌDAJÌ ẸGBẸ́: Rárá o!

ÌDAJÌ KEJÌ: Ẹ jẹ́ kó sọ̀!

Ọ̀GÁ FÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé iná wà nílé yín?

ALÁGBÀFỌ̀: Èémí ni mo fi ń lọ aṣọ ni?

Ìyàwó rẹ̀, tó ti ń wakọ̀ bọ̀ lẹ́yìn wọn, yọ ṣájà nínú báàgì rẹ̀. Ó ti mú un láti ilé. Wọ́n na okùn iná gígùn gba ojú fèrèsé jáde.

SÍPÁNÀ (ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀): Wákàtí kan àtààbọ̀ ni o, Bọ̀dá.

Ọ̀GÁ FÈRÈ: Mo lè dúró dè é.

SÍPÁNÀ: Lórí ẹsẹ̀ wo?

Ọ̀GÁ FÈRÈ: Lórí ọwọ́.

1

Ìyàwó rẹ̀ wá dúró tì í, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Sọ̀ kalẹ̀, ọkọ mi.”

“Iná ti ń wọlé.”

“Orúnkún ọ̀hún ti wú. Mo ti ń rí i láti èṣí. Ìwọ lo rò pé o ń fi pamọ́.”

Òógùn ń kán láti imú rẹ̀ sórí bọ́tìnnì.

“Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀,” ó ní, “ta ni mo máa jẹ́?”

“Télọ̀. Ọkọ mi. Ṣé ìyẹn kéré?”

Ó rò ó. Ó rò ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ìyàwó rẹ̀ sì gbọ́ bó ṣe pẹ́ tó.

2

Ìkéde: A bẹ àwọn tó ń lọ kí wọ́n gba apá ọ̀tún. Ìpàdé ẹgbẹ́ ń lọ lọ́wọ́ lójú títì.

Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí nìyí:

Ṣé koríko jẹ́ ilẹ̀.

Ṣé bàtà jẹ́ ẹsẹ̀.

Ṣé olórí tí kò lè lọ síwájú, tí kò sì sọ̀ kalẹ̀, ṣì ń ṣíwájú.

(Ìdìbò lórí èyí tó kẹ́yìn: mẹ́rìnlá sí mẹ́rìnlá. Ìyá Agbẹ̀bí ránṣẹ́ láti orí òkè pé ọsàn òun kù mẹ́ta.)

3

Orúnkún òsì ń gbọ̀n. Ẹsẹ̀ òsì ti yọ̀ kúrò lórí pẹ́dà. Ó ń fì.

Akọ̀wé dùbúlẹ̀ lójú títì, ó da àyà délẹ̀. Ó gba okùn ìwọ̀n lápò olórí fúnra rẹ̀, ó nà án láti ìsàlẹ̀ bàtà dé ilẹ̀.

“Ìka méjì ààbọ̀!”

“Ìka méjì!”

Ọ̀gá Fèrè fi fèrè bọ ẹnu. Mi ò mọ̀ bóyá ó fẹ́ ní kí wọ́n yà ni, àbí kí wọ́n dúró. Èémí rẹ̀ ò tó o.

“Ìka kan—”

—

Alágbàfọ̀ ló sọ ọ́ fún mi, lọ́jọ́ tí mo lọ gba ẹ̀wù mi. Ibẹ̀ gan-an, ó ní, ni òun ti gbóòórùn aṣọ tó ń jóná, òun sì sáré wọlé lọ gbé áyọ́ọ̀nù kúrò. Nígbà tí òun máa fi jáde, kò sẹ́nìkan níta mọ́.

Mo ní kó mú mi lọ síbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo ilẹ̀ dáadáa, bóyá màá rí ojú ẹsẹ̀ Ọ̀gá Fèrè.

Wọ́n ti gbá a.