Ọ̀dà Kejì Lára Ìkòkò

4.
...nítorí ẹ̀rù ló ṣe kùn ún lẹ́ẹ̀kejì.

Akíndúró ló ń kun ìkòkò nílé iṣẹ́ àwọn ayọ́dẹ ní Challenge. Ìkòkò alumínà ni, amọ̀ líle tí wọ́n fi ń yọ́ idẹ nínú iná, funfun, ó ga dé orúnkún. Lọ́dún 1985 yẹn, kò sí òmíràn lọ́jà. Ọ̀dà sìkóníà, ọ̀dà tí iná kì í jó, ni kì í jẹ́ kí idẹ gbígbóná jẹ ẹ́ lára. Bí ẹ̀ẹ̀kan bá dára, ó ní ẹ̀ẹ̀mejì á dára jù.

5.
Rárá, ẹ̀rù kọ́.

5, lẹ́ẹ̀kan sí i.
Ẹ̀rù ni.

6.
LÁRA ÒGIRI:

BÀTÀ NI KÍ Ẹ WỌ̀ TÍ A BÁ Ń DA IDẸ.
ẸNI TÓ BÁ KUN ÌKÒKÒ NI YÓÒ BÁ AYỌ́DẸ GBÉ E.

7.
Ó fi àfọ́kù ìkòkò àtijọ́ mẹ́ta dán ọ̀dà náà wò nínú iná ẹ̀yìnkùlé.

Èyí tí kò kùn: idẹ jẹ ẹ́ pálapàla.
Èyí tó kùn lẹ́ẹ̀kan: bó ti wà ló wà.
Èyí tó kùn lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀dà bó bí èèpo ẹyin, ó bó tòun ti ara ìkòkò. Ooru mú ọ̀dà fẹ̀ ju ìkòkò lọ. Ọ̀kan fa èkejì ya.

8.
Ìkòkò gidi tó kùn lẹ́ẹ̀mejì ti wà nínú ìléru nígbà tó rí èyí.

9.
AKÍNDÚRÓ: Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká paná.
Ọ̀GÁ ÀYÀNṢỌLÁ: Kí idẹ dì sínú ẹ̀? Á fọ́ náà nìyẹn.
AKÍNDÚRÓ: Kó fọ́ nínú iná sàn ju kó fọ́ lọ́wọ́ wa.
GÀFÁRÙ AYỌ́DẸ: Ṣé ìwọ kọ́ lo kùn ún bí ìyàwó ọ̀ṣìngín?
Ọ̀GÁ: Àwọn tó ni agogo tí a fẹ́ dà ti dé. Ẹ má dẹ́rù bà wọ́n.

10.
Ará ìjọ Aládùúrà ni wọ́n, láti Baṣọ̀run, Ìyá Láwùmí ló ṣáájú wọn. Wọ́n wá gbàdúrà lé agogo wọn lórí. Wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà.

11.
AKÍNDÚRÓ: Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà.
ÌYÁ LÁWÙMÍ: Pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn? A kì í wọ̀ ọ́, ọmọ mi.
AKÍNDÚRÓ: Ẹ sún dé títì, nígbà náà.
ÌYÁ LÁWÙMÍ: Ká wá máa pariwo àdúrà láti títì, bí ẹni ń pe mọ́tò?
AKÍNDÚRÓ: Ìkòkò yẹn lè fọ́.
(Ọ̀gá wúkọ́.)
ÌYÁ LÁWÙMÍ: Ta ni yóò gbé e?
AKÍNDÚRÓ: Èmi àti Gàfárù.
ÌYÁ LÁWÙMÍ: Tí ìwọ ò bá sá, kí ni àwa ń sá fún?

12.
Bó bá di ẹ̀mú mú, wọn ò ní lọ.

13.
Bó bá sá, Gàfárù nìkan ò lè gbé e. Idẹ á dì. Ìkòkò á lọ. Akíndúró á di ojo ní gbogbo Challenge, títí dé Òkè Àdó.

14.
Wọ́n ṣí ìléru. Etí ìkòkò pọ́n. Èèpo ọ̀dà kan ṣí lára rẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó jábọ́ sínú iná. Ibi tó ti bó dúdú, ó sì ń sán.

GÀFÁRÙ: Ó yá, dì í mú.

Orin ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wọn.

16.
Akíndúró ju ẹ̀mú sílẹ̀. Ó sá gba àárín aṣọ funfun lọ sí títì. Kò bojú wẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ lásán kì í dún lórí yẹ̀pẹ̀. Kò mọ̀ bóyá wọ́n ń sá tẹ̀lé e bọ̀.