Mounirou Rán Àna Rẹ̀ Lọ Ra Omi

Mounirou, tó ń ta bẹntiróòlù ní Bantè, ṣubú lórí alùpùpù lójú ọ̀nà Agoua, egungun ojúgun rẹ̀ sì kán. Ní ilé ìwòsàn ní Savalou, wọ́n ti fi símẹ́ńtì funfun di ẹsẹ̀ náà dé itan. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kọ́ ló ń dà á láàmú. Olùkọ́ Eusèbe, bàbá Florentine, ọmọge tó fẹ́ fẹ́, ló jókòó tì í láti àárọ̀.

Nọ́ọ̀sì Laurence wọlé. "Bọ̀dá, ṣé ẹ máa ń fa igbó?"

Mounirou gbójú sókè wo àjà. "Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Nítorí ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ inú ẹsẹ̀ tí kò rìn a máa fẹ́ dì. Bí ègé ẹ̀jẹ̀ dídì kan bá já níbẹ̀, tó gba inú iṣan lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pààyàn. Ó jọ pé ó máa ń ṣẹlẹ̀ díẹ̀ sí i sí àwọn tó fara pa, tí wọ́n sì ń fa igbó. Dókítà fẹ́ mọ̀ kó tó díwọ̀n abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kó dì. Kí ẹ sì máa mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ yẹn, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa rìn."

Ó yé Mounirou kedere. Bí ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ àgbá bẹntiróòlù ṣe rí gan-an nìyẹn: bó bá wọ kabúrétọ̀ tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní bẹntiróòlù, alùpùpù kú. Torí ẹ̀ lòun ṣe máa ń ta aṣọ sẹ́nu àrọ láti fi sẹ́ ẹ. Ó fẹ́ jẹ́wọ́. Ó yíjú sí àna rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò fẹ́ na ẹsẹ̀ díẹ̀?"

"Mo ti nà án."

"Atẹ́gùn wà níta."

"Ó wà níbí náà."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ra omi wá."

Alassane, tí apá tirẹ̀ kán, gbórí sókè lórí ibùsùn kejì. "O rán àna rẹ níṣẹ́? Wọn ò sì tíì fún ẹ níyàwó?"

Eusèbe dé fìlà rẹ̀, ó jáde.

"Mo ń fà á," Mounirou tú u jáde wàrà. "Láràárọ̀ kí n tó ṣí ìsọ̀, àti nírọ̀lẹ́. Mo fà á lọ́jọ́ tí mo ṣubú pàápàá."

Alassane bú sẹ́rìn-ín, ó ń nawọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Olómi wà nítòsí. Eusèbe ti dé, omi inú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti gbọ́.

"Torí ìyẹn lo ṣe lé mi jáde?"

"Torí ẹ̀ ni, Bàbá."

Eusèbe mí kanlẹ̀. "Mo ti ń ro bí màá ṣe sọ fún ọmọ mi pé ọkọ rẹ̀ kò lẹ́kọ̀ọ́. Igbó ṣeé jáwọ́ nínú rẹ̀. Ọjọ́ tóo bá jáwọ́, wá gba ìyàwó rẹ. Mu omi. Mi ọmọ ìka."

"Ó ń dùn mí."

"Gbé e wá."

Nígbà tí Florentine gbé oúnjẹ dé, bàbá rẹ̀ ló di àtàǹpàkò ẹsẹ̀ Mounirou mú, tó ń mì ín bí agogo ilé ẹ̀kọ́. Mounirou ń rẹ́rìn-ín, ó ń ké.

"Ẹ wò ó," Alassane ní, "ó tún ti rán wọn níṣẹ́ kejì."