Ìyá Inú Kọ́bọ́ọ̀dù Yàrá Keje

Mo kí yín o, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó pa wá mọ́ di òní. Ẹni tó bá sùn sábẹ́ òrùlé tirẹ̀ lánàá, kó dúpẹ́ ná kó tó ka ìtàn yìí.

Ilé tí aránṣọ kan ń gbé ti di àlàpà. Onílé ló wó o. Oru mọ́kànlá ló sùn sábẹ́ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù kan, kó tó rí yàrá keje gbà ní ilé ibùwọ̀ tí ìlú ṣí fún àwọn tí kò ní ibùgbé. Ibùsùn onírin kan ló wà níbẹ̀, àga kan, kọ́bọ́ọ̀dù kan, àti fèrèsé kan tí kò ṣeé tì. Òfin ilé náà le: ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé nìkan ló lè sùn níbẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹlòmíràn pamọ́, ọjọ́ náà gan-an ló ń kó jáde.

Ní ọjọ́ Àìkú, ìyá rẹ̀ dé. Àbúrò aránṣọ tí ìyá ń bá gbé ti sá lọ láì dágbére, wọ́n sì ti kó ẹrù ìyá síta. Ta ni yóò wo ojú ìyá tó bí i, tí yóò ní kó lọ sùn síta? Aránṣọ fi aṣọ ibùsùn tí wọ́n ń kó lọ fọ̀ bò ó, ó mú un gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kọ́kọ́rọ́ ń ró bọ̀ ní ọ̀nà yàrá. Alámòójútó ilé ni, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kọ́kọ́rọ́, ó wá yẹ yàrá wò. Onídìrí tó wà ní yàrá kẹjọ, tó mọ àṣírí náà, pariwo kí aránṣọ lè gbọ́:

“Bàbá Kọ́kọ́rọ́! Ẹ yà wá kí n bá yín tún irun ṣe!”

“Irun wo? Ìwọ̀nba tó kù, mo mọ̀ wọ́n lórúkọ!”

Aránṣọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé.”

“Ṣé aṣọ ni mí ni?”

“Ẹ dákun, ẹ má húkọ́.”

Ìyá, oníkọ́ fée, ká ara kò síbẹ̀. Aránṣọ fi ìkọ́ há ilẹ̀kùn náà láti ìta.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wọlé pẹ̀lú òòlù. “Aránṣọ mi, o ti ń yọ mí lẹ́nu lórí fèrèsé yìí láti oṣù tó kọjá. Òní ni n ó tún un ṣe.”

“Bàbá, ẹ fi sílẹ̀. Kò tíì burú.”

“Ìwọ tí òtútù fẹ́ pa?” Ó fi ìdí kalẹ̀ sórí àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ìṣó.

Eruku bo yàrá. Ikọ́ kan dún nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Aránṣọ yára húkọ́ tirẹ̀ lé e. Òmíràn tún dún.

“Ikọ́ rẹ yìí ò dáa o,” ni bàbá wí, láì wẹ̀yìn.

Ìṣó kejì. Ìṣó kẹta. Èékánná ń ha pákó láti inú, lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ló já aránṣọ láyà ju ikọ́ lọ. Ó rántí abẹ́ àtẹ̀gùn yẹn, àti ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ tó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú òkùnkùn. *Olúwa, bí mo bá dákẹ́, mo ní yàrá. Ṣé mo ṣì ní ìyá?*

Ó fa ìkọ́ yọ. “Bàbá, ẹ gbà mí! Ìyá mi ni!”

Ìyá ṣubú síta bí àpò òfìfo, ètè rẹ̀ ti dúdú. Òòlù bọ́ lọ́wọ́ bàbá. Òun àti aránṣọ gbé e síta, onídìrí sì sáré lọ pe nọ́ọ̀sì ilé náà tó máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì fi oògùn ikọ́ fée tí wọ́n ń fà sínú sí i lẹ́nu. Ó pẹ́ kí àyà ìyá tó gbéra.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ nu òógùn ojú. “Mo gbọ́dọ̀ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé. O mọ òfin.”

“Mo mọ̀ ọ́n, sà.”

“Kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí o ti kó jáde. N ó pe ilé ibùwọ̀ kejì tí ìlú ní, bóyá wọ́n ní àyè ẹni méjì. N kò lè ṣèlérí.”

Aago mẹ́rin lù, ilé kejì kò tíì dáhùn. Aránṣọ ń di ẹrù.

“Ọmọ mi, ṣé èmi ni mo lé ọ jáde?”

“Rárá o, Màámi. Ẹ ṣáà máa mí.”

Ìwọ tó ka èyí, Olúwa kò ní jẹ́ kí o yàn láàárín òrùlé àti ẹ̀jẹ̀ rẹ. Ilẹ̀kùn tí o bá kàn, yóò ṣí fún ìwọ àti gbogbo ẹni tí o mú dání. Àmín.