Ẹni Tó Ń Fọ Aṣọ Akọrin

Dùnsìn ṣàdédé dánu dúró ní ìdajì ojú ìwé kejì.

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń wò ó. Wọ́n rò pé ẹkún ló fẹ́ sun. "Ṣe gírí, ọmọ Màmá," ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹkún. Gbólóhùn kan ni, tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Bámgbóyè, kọ sínú ìtàn ìgbésí ayé olóògbé: lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélógójì tí Màmá ti ń fọ aṣọ akọrin, wọ́n fúnra wọn fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí wọ́n lè sinmi.

Dùnsìn mọ̀ pé irọ́ ni.

Ọ̀dọ̀ Màmá yìí, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ló dàgbà sí, ní Ìgèdè níbí, láti ọmọ ọdún mẹ́rin tí ìyá rẹ̀ ti kú. Kò sí Sátidé kan tí Màmá kì í lọ sídìí ẹ̀rọ omi ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á fọ aṣọ, wọ́n á sá a, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́ títí ọrùn rẹ̀ á fi le ṣanṣan. Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ wọ́n. Ojú aṣọ náà ni wọ́n ti ń ka ìròyìn ìjọ. "Aṣọ Ọláolúwa ò dọ̀tí lọ́rùn lọ́sẹ̀ yìí," wọ́n á ní. "Kò wá kọrin. Nǹkan ń ṣe é." Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, Màmá á ti gbé ẹ̀kọ gbígbóná dé ẹnu ọ̀nà Ọláolúwa.

Ní ọdún tó kọjá, àwọn ará ọ́fíìsì Dùnsìn wá láti Adó síbi ìgbéyàwó kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí gan-an. Sátidé ni. Bùsáyọ̀, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ ní ọ́fíìsì, lọ fọwọ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì padà wá tó ń mi orí. "Ta ni ìyá arúgbó tí wọ́n ń fìyà jẹ nídìí omi yẹn? Ṣé wọn ò bímọ ni?"

"N ò mọ̀ wọ́n," ni Dùnsìn wí.

Kò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó di Ọjọ́ Ajé, ó tẹ Pásítọ̀ Ọlátúndé láago. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Màmá, pé ara wọn ò gbà á mọ́, kí wọ́n má sì sọ pé òun ni. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Màmá pè é.

"Dùnsìn, kí ni mo ṣe fún ìjọ tí wọ́n fi gba uṣẹ́ mi?"

"N ò mọ̀, Màmá. Bóyá wọ́n fẹ́ kí ẹ sinmi ni."

Màmá ò lo ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi kú.

Dùnsìn gbójú sókè nínú ìwé báyìí. Bọ̀ọ̀dá Bámgbóyè ń fi orí júwe fún un pé kó máa kà á lọ. Dùnsìn ká ìwé náà.

"Màmá kò fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀," ó wí. "Èmi ni mo ní kí Pásítọ̀ gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bi mí, mo ní n ò mọ̀."

Ní ìlà kẹfà, láàárín àwọn ará ọ́fíìsì, ojú rẹ̀ bá ti Bùsáyọ̀, tó di ìwé ètò ìsìnkú tí àwòrán Màmá wà lára rẹ̀ mú. Kò jọ ẹni tó rántí ohunkóhun.

"Ara wọn tí kò le mọ́ ni mo rò," ni Dùnsìn fi kún un. Gbólóhùn náà ti jáde kó tó mọ̀.

Wọ́n sin Màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Lábẹ́ kánópì, Dùnsìn jókòó, ó ń dúró de ẹni tí yóò bú u. Bọ̀ọ̀dá Bámgbóyè kọjá lẹ́ẹ̀mejì láì wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Ó gbìyànjú láti gbà pé òní lọjọ́ náà, kí àyà rẹ̀ lè fúyẹ́ díẹ̀. Kò fúyẹ́.

Ìyá Ìyábọ̀, tí òun àti Màmá ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ láti ìgbà ọ̀dọ́, rọra wá jókòó tì í.

"Màmá rẹ mọ̀," wọ́n ní.

"Wọ́n mọ kí ni, mà?"

"Pé ìwọ ni. Wọ́n bi Pásítọ̀, Pásítọ̀ ò lè purọ́ fún wọn. Ni wọ́n bá dìde nínú ìpàdé wa, wọ́n ní àwọn ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ o, orúnkún ń dun àwọn. Nígbà tí gbogbo wa tú ká ni wọ́n tó sọ fún mi. Wọ́n ní, 'Ìyá Ìyábọ̀, má jẹ́ kẹ́nì kan gbọ́. Ọmọ mi ò fẹ́ kí n kú sídìí omi ni. Ta ló tún lè ro tèmi tó bẹ́ẹ̀?'" Ìyá Ìyábọ̀ fi etí ìborùn nu ojú. "Ó dùn wọ́n, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ọ́ yangàn. Nítorí náà, má ba ara rẹ lọ́kàn jẹ́. Ìfẹ́ ló mú ọ ṣe é."

Dùnsìn la ẹnu. Ohun tó kù láti sọ ò ju gbólóhùn kan lọ: pé ojú ti òun níwájú Bùsáyọ̀ láti pe Màmá ní tòun. Ó wo ọwọ́ arúgbó náà tí wọ́n gbé lé tirẹ̀, ó wo ojú wọn tó fọkàn tán an pátápátá, ó wá yé e pé ìwọ̀nba òtítọ́ táwọn èèyàn lè torí ẹ̀ bá òun sunkún lòun sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ ṣé, mà," ó wí.

Ìyá Ìyábọ̀ fà á mọ́ra, Dùnsìn sì jẹ́ kí wọ́n fa òun mọ́ra.