Asẹ́ Ohùn fún Yàrá Òkè

Saadat ki irin sódà tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀ bọ iná lórí tábìlì kíṣìnì rẹ̀ ní Thamesmead ní London, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni. Títú nǹkan palẹ̀ ló fi kọ́ ohun tó mọ̀ nípa iná.

Mọ́sáláṣí wọn nítòsí Plumstead High Street ló ń ṣiṣẹ́ fún. Òkè làwọn obìnrin máa ń jókòó sí níbẹ̀, sìpíkà kan ṣoṣo ló ń gbé ohùn Alfa dé ọ̀dọ̀ wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ gílóòbù ni ariwo iná wọn ti ń wọnú wáyà, tí sìpíkà náà sì ń han bí ẹ̀fọn. Alhaji Ọlágúnjú, alága, ti fún Saadat ní Sunday méjì. Bí kò bá dáa, wọ́n máa yọ ọ́, káwọn obìnrin máa wo wáàsí lórí fóònù. Saadat mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí òkè á fi dá páropáro.

Rẹ̀sístọ̀ kan àti kàpásítọ̀ kan, èròjà iná kéékèèké méjì, ló fi ṣe asẹ́ àkọ́kọ́ tó máa yọ ariwo náà, ó so wọ́n sójú wáyà ohùn. Kò lo iná kankan. Ariwo tín-ín-rín gba inú kàpásítọ̀ lọ, ohùn èèyàn kọjá.

Lọ́jọ́ Sunday, ariwo lọ lóòótọ́, àmọ́ ohùn Alfa náà rù. Nígbà tó kéde pé, “Ẹni tó ni mọ́tò pupa tó wà níta, wọ́n máa wọ́ ọ lọ o,” àdúrà làwọn obìnrin rò pé ó ń ṣe.

“Àmín!” ni gbogbo òkè dáhùn.

Ìsàlẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Alhaja Sìdí, ọ̀kan lára àwọn obìnrin òkè, ló ni mọ́tò náà.

“Saadat, o ṣeun o,” ló wí. “O ti jẹ́ kí n fẹnu ara mi ṣàmín sí i!”

Alhaji Ọlágúnjú kò rẹ́rìn-ín. “Ó ku Sunday kan,” ló sọ.

Nílé, Saadat fi mítà wọn ohùn tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó ń ṣòfò. Ó wá yé e: asẹ́ rẹ̀ kò ní agbára tirẹ̀. Ó lè yọ nínú ohùn, kò lè fi kún un, sìpíkà sì tún ń fa ìyókù.

Ó fi ẹ̀rọ dúdú kékeré kan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ sẹ́yìn asẹ́ náà, ó so ó mọ́ bátìrì. Ìyẹn ń gba ohùn tí asẹ́ ti sẹ́ láìfà á, ó sì ń fi iná bátìrì fún un lágbára kó tó dé sìpíkà. Saadat rọra yí síkírúù kan títí èyí tó ń jáde fi tó èyí tó ń wọlé. Ó tún wọ̀n ọ́n, nítorí pé ó dùn ún wò.

“Sister mi, ẹ ò ṣe ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì?” Muaz àbúrò rẹ̀ bèèrè.

“Kí ariwo tún gba ibẹ̀ wọlé?”

“Bí bátìrì bá kú láàárín wáàsí ńkọ́?”

“Mo ra méjì.”

Ní Sunday kejì, gbogbo ọ̀rọ̀ Alfa dé òkè ketekete. Nígbà tó dé orí ààwẹ̀, Alhaja Sìdí jáde sórí àtẹ̀gùn, ó bèèrè báwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ lọ́sibítù ṣe máa ṣe sààrì. Alfa dáhùn. Ìbéèrè mẹ́rin míì tẹ̀ lé e, láti òkè ni gbogbo wọn ti wá.

Lẹ́yìn wáàsí, Alhaji Ọlágúnjú gun àtẹ̀gùn dé ìdajì.

“Saadat, a ò yọ sìpíkà yín mọ́,” ló wí. “Ìgbà wo lo máa ṣe sìpíkà tiwa nísàlẹ̀?”