Irinwó Gbólóhùn Nínú Kọ̀ǹpútà Arúgbó

3.

…Bàbá sì jókòó síbẹ̀, ìka kan lórí máòsì, ó ń dúró kí kọ̀ǹpútà tan. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Atẹ̀wé, ọmọ ẹ̀ obìnrin, kà á. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko kí bàbá ẹ̀ tó lè sọ pé "Mo ti jí o."

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ dáadáa. Bàbá ò ní ohùn mọ́. Àwọn dókítà ti gé ibi tí ohùn ti ń jáde lọ́fun ẹ̀, ó ti pé ọdún méjì. Kí wọ́n tó gé e, ó fi ọjọ́ mẹ́rin sọ irinwó lé méjìlá gbólóhùn sínú kọ̀ǹpútà. Tó bá tẹ àwòrán kan lójú ẹ̀rọ, ohùn ẹ̀ gan-an á jáde.

Ìyá ò sì ríran.

Ẹ so méjèèjì pọ̀.


4. DÍẸ̀ NÍNÚ IRINWÓ

Mo ti jí o.
Ìyàwó mi, èmi ni.
Rárá.
Mo ní rárá.
Ta ló jẹ ẹran mi?
Ìwọ lo jẹ ẹ́.
Má pa mí lẹ́rìn-ín, ọ̀fun ń dùn mí.
Mo wà níbí.
(Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ń tẹ̀ jù. Bí ogún ìgbà lóòjọ́.)


5. OHUN TÓ YỌ LÓJÚ KỌ̀ǸPÚTÀ

ÈTÒ TÓ Ń DARÍ KỌ̀ǸPÚTÀ YÍN TI FẸ́Ẹ́ PARÍ.
TÓ BÁ TI DI ỌJỌ́ KẸRÌNLÁ OṢÙ TÓ Ń BỌ̀, A Ò NÍ BÓJÚ TÓ O MỌ́.
KỌ̀ǸPÚTÀ YÍN Ò LÈ GBA TUNTUN.

[ Ẹ RA ÒMÍRÀN ]     [ Ẹ RÁN MI LÉTÍ LỌ́LA ]

Bàbá máa ń tẹ "lọ́la". Ó ti lo ọ̀la méjìdínlógún.


6. LÓRÍ FÓÒNÙ

(Iṣẹ́ Atẹ̀wé ní kóòtù ni kó máa tẹ ohun tí àwọn èèyàn bá sọ. Ó ti mọ́ ọn lára. Bó ṣe tẹ èyí náà nìyẹn.)

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ ra tuntun. Ètò olówó ni kí ẹ lò. Ọkàn yín á balẹ̀.
ATẸ̀WÉ: Bọ̀dá mi, ètò tó ń gbé ohùn Bàbá jáde ò lè kúrò lórí kọ̀ǹpútà yẹn. Òun nìkan ni wọ́n fún láṣẹ. Àwọn tó ṣe é sì ti kógbá sílé.
Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló sọ fún ẹ?
ATẸ̀WÉ: Mo pè wọ́n. Ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e.
Ẹ̀GBỌ́N: Ìyẹn ò ní kí o lọ gba ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pín kiri. Ohun ọ̀fẹ́, ṣé o rí i—
ATẸ̀WÉ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa òwe.
Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò tíì pa á.
ATẸ̀WÉ: Mo ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ bó ṣe ń bọ̀.


7. ÀTẸ̀JÍṢẸ́

(Ọgbẹ́ni Ọ̀fẹ́ ló ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìkangun àdúgbò. Ẹ máa tó mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀.)

— Àǹtí Atẹ̀wé, ẹ jẹ́ ká fi ètò ọ̀fẹ́ sí i. Gbogbo ayé ló jọ ń kọ ọ́, ẹni tó bá wù lè ṣí inú ẹ̀ wò. Kò sẹ́ni tó máa jí lọ́jọ́ kan kó ní ó ti parí.
— Ohùn Bàbá ńkọ́?
— Fáìlì lásán ni ohùn. Kò sí ètò tí kì í gbà á. Ẹ ṣáà ti kó fáìlì yẹn, màá ṣe bọ́tìnnì tuntun fún Bàbá.
— Ṣé ó dá yín lójú?
— Ṣáká.

Kò purọ́ o. Ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú gbogbo ẹ̀.


8. LẸ́YÌN BÉBÀ KÓÒTÙ, PẸ̀LÚ PẸ́ŃSÙ

OLÓWÓ: Kọ̀ǹpútà tuntun. Ètò ohùn ò ní wọ inú ẹ̀.
Ọ̀FẸ́: Kọ̀ǹpútà arúgbó yìí á tún máa sáré. Tó bá bàjẹ́, ta la máa pè? Ọgbẹ́ni Ọ̀fẹ́. Tí Ọgbẹ́ni Ọ̀fẹ́ bá kó lọ ńkọ́?
KÁ MÁ ṢE NǸKAN KAN: Ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Àná, mẹ́rìndínlógún.


9.

Wọ́n bi Bàbá léèrè. Ó gba pẹ́ńsù. Ó kọ ọ́ pé: *Èyí tí ìyá yín á fi máa gbọ́ mi.*


10. SÁTIDÉ, AAGO MÉJÌ Ọ̀SÁN

Atẹ̀wé ki fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà. Ó mú gbogbo àwòrán tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ó kó wọn síbẹ̀. Ó kà wọ́n. Irinwó lé méjìlá. Ó pé.

Kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ó yà á lẹ́nu pé ó yá tó bẹ́ẹ̀. Ó tiẹ̀ dúpẹ́.

ỌGBẸ́NI Ọ̀FẸ́: Ẹ ti kó gbogbo ẹ̀?
ATẸ̀WÉ: Pérépéré. Mo kà á.
ỌGBẸ́NI Ọ̀FẸ́: Mo fẹ́ nu inú ẹ̀ o. Tí mo bá ti nù ún—
ATẸ̀WÉ: Ẹ nù ún.

Ta ló máa bi akọ̀wé kóòtù pé ṣé ó mọ nǹkan kà?


11.

Ètò ọ̀fẹ́ wọlé. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kàndínlógún ni kọ̀ǹpútà fi tan.


12. ÀLÀYÉ

Gbogbo àwòrán yẹn ló ní ọfà kékeré kan nísàlẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Atẹ̀wé ti ń rí i. Ó rò pé ọ̀ṣọ́ ni.

Ohun tí ọfà yẹn ń sọ ni pé: ohun tí ẹ ń wá ò sí níbí, ó wà lọ́hùn-ún. Ojú ọ̀nà ni, kì í ṣe ilé.

Ó kó irinwó ojú ọ̀nà sínú fláàṣì.

Wọ́n sì wó ilé.


13.

FÁÌLÌ YÌÍ Ò SÍ.
FÁÌLÌ YÌÍ Ò SÍ.
FÁÌLÌ YÌÍ Ò SÍ.

            (ó ku irinwó lé mẹ́sàn-án)

Ó ṣí gbogbo ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan.


14. NÍ YÀRÁ

(Ètò ọ̀fẹ́ ní ohùn tiẹ̀. Téèyàn bá tẹ ọ̀rọ̀, á kà á jáde. Bàbá ló ń tẹ̀ ẹ́.)

Ẹ̀RỌ: Ìyàwó mi. Èmi ni.
ÌYÁ: Ta nìyẹn?
Ẹ̀RỌ: Èmi ni.
ÌYÁ: Ìwọ ta? Atẹ̀wé! Ta lẹ mú wọlé yìí? Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń nà kó tó sọ ọ́.
ATẸ̀WÉ: Màámi, Bàbá ni.
(Bàbá di ọwọ́ Ìyá mú.)
ÌYÁ: Ọwọ́ yín nìyí, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ má rán ẹlòmíràn sí mi mọ́.


15. ÀTẸ̀JÍṢẸ́ Ẹ̀GBỌ́N

— Ṣé mo sọ àbí mi ò sọ?

Atẹ̀wé tẹ̀ ẹ́ pé: *Ètò ọ̀fẹ́ kọ́ ló fà á. Ká ní tuntun la rà, fláàṣì yẹn náà la bá gbé lọ síbẹ̀.* Ó pa á rẹ́.

— Ẹ sọ ọ́, sà.


16. ÀBÁJÁDE

Ọgbẹ́ni Ọ̀fẹ́ fi wákàtí mẹ́tàdínlọ́gọ́ta wá inú kọ̀ǹpútà náà. Ohun tó rí:

fọ́tò tó ti fọ́: 14
ìwé tí kò ṣeé kà: 2,306
ohùn: 1

Kò wo ojú Atẹ̀wé nígbà tó ń kó o lé e lọ́wọ́.


17.

Ohùn yẹn ò sí lára irinwó. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni, kí Bàbá tó mọ̀ pé ẹ̀rọ ti ń gbà á. Ó ní kí wọ́n da ìyẹn nù. Wọ́n dà á nù.

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Ikọ́ kan, gbólóhùn kan.

Atẹ̀wé fi í sí bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo, láàárín ojú kọ̀ǹpútà tó fẹ̀ lọ rẹrẹ.


18. NÍ YÀRÁ

BÀBÁ: (ikọ́) Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀?
ÌYÁ: Háà! Bàbá ọmọ mi! Ẹ̀yin nìyẹn!
BÀBÁ: (ikọ́) Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀?
ÌYÁ: Kí ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n dìde ni?
BÀBÁ: (ikọ́) Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀?
ÌYÁ: Atẹ̀wé, kí ló ń ṣe bàbá yín? Ẹ má dẹ́rù bà mí o. Ẹ sọ nǹkan míì.


19.

BÀBÁ: (ìka ẹ̀ kan wà lórí bọ́tìnnì kan ṣoṣo tó ní. Kò tẹ̀ ẹ́.)